Ta Ló Fún Ọ?

Ó wọ́pọ̀ ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí èèyàn ra ògbólógbòó ọkọ̀ tó ti kú sílẹ̀, kó tún un ṣe títí tí yóò fi dùn ún wò, kó wá jẹ́ pé ọjọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lòun ti ń náwó lé lórí. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì. Ó ti sanwó fún pánẹ́ẹ̀lì bítà, ó sanwó fún akunkọ̀, ó sanwó fún rewáyà tó fa wáyà tuntun láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì sanwó fún ẹni tó rán aṣọ ìjókòó. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ṣe ojúṣe tirẹ̀ ni ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rìn kò ṣòro láti tọpa rẹ̀. Ẹnì kan gbé Peugeot 504 rẹ̀, tàbí Volkswagen tí a mọ̀ sí ìjàpá, lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Owó iṣẹ́ ga ju ohun tó rò lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ mú owó wá, kò sì padà. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò kọjá, koríko hù yí táyà ká, adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mẹ́káníìkì rò ó pé òun ti náwó lé ọkọ̀ náà, òun sì nílò àyè tó gbà, ó bá tà á. Ẹni tó rà á gbìyànjú, agbára rẹ̀ kò gbé e, òun náà tà á. Ẹnì kẹta ló wá tà á fún ìwọ tí o fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, tí o sì ní sùúrù. Bí ìwé kankan bá tilẹ̀ wà, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, o kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ náà kò mọ̀ ọ́n. Mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ látìgbà tí àwọn onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ wọn padà.

Ohun tí ìjọba ń béèrè kí ọkọ̀ tó kúrò lórúkọ ẹnì kan bọ́ sórúkọ ẹlòmíràn kò ya èèyàn lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ rí lásẹ́ńsì àtijọ́ ọkọ̀ náà àti ìwé ẹ̀rí pé ẹni tó tà á ló ni ín. Wọ́n fẹ́ rí rísíìtì tàbí ìwé àdéhùn tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Wọ́n á yẹ nọ́ńbà ṣáńsì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wò bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, wọ́n á béèrè ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn ọlọ́pàá náà ní àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ tí wọ́n jí mọ̀. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí wọn: ta ló fún ọ?

Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà kò fọwọ́ kékeré mú ìbéèrè yẹn. Ọmọ tó bá mú pẹ́ńsùlù tí wọn kò rà fún un bọ̀ láti ilé ìwé, ìyá rẹ̀ yóò fà á lọ́wọ́ padà lọ sílé ẹni tó ni ín, lójú gbogbo àdúgbò. Kì í ṣe pé pẹ́ńsùlù wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí wọn kò bi léèrè lórí pẹ́ńsùlù, apá kò ní ká a mọ́ bó bá kan orí owó. Lónìí, ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ a wa Mercedes wọ àdúgbò, àwọn òbí rẹ̀ a ṣe ìdúpẹ́, àwa aládùúgbò a lọ jẹun níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè. Ìlú tó ti lè gbé ìbéèrè nípa Mercedes mì, ibo ló ti máa rí ẹnu béèrè nípa 504 tó ti dípẹtà?

Ìgbà kan wà tí ìdáhùn ìbéèrè náà rọrùn. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Tíṣà àti akọ̀wé ìjọba lè yáwó níbi iṣẹ́ ra ọkọ̀ tuntun, ìwé rẹ̀ á sì jáde lórúkọ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, a sì yíjú sí tòkunbọ̀. Èbúté Èkó ni apá kan ń gbà wọlé. Apá kejì ń gba Kútọnu, wọ́n á sì ti ibẹ̀ wà á gba orí ilẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Àwọn onífàyàwọ́ kò tìtorí ìyẹn jókòó. Láti agbègbè Ìdí-Ìrókò títí dé apá Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà àbùjá kò lóǹkà, ọkọ̀ tó bá sì ti jáde sí ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, Ìfọ̀ wà nínú àwọn ìlú tó máa kọ́kọ́ gbà á lálejò.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017 kan náà ni ọ̀gá àgbà Kọ́sítọ́ọ̀mù ìgbà yẹn, Hameed Ali, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí wọn kò tíì san owó ibodè orí ọkọ̀ rẹ̀ lọ san án láàárín oṣù kan. Ariwo ta, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dìde sí i, wọ́n dá àṣẹ náà dúró. Inú àwọn èèyàn bàjẹ́, wọ́n sì jàre lápá kan. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wọlé ló jẹ gbèsè náà. Ó ti gbowó, ó ti lọ. Ọwọ́ ẹni tó rà á kẹ́yìn ni wọ́n wá ń wá a. Lọ́dún 2024, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún ṣí àyè sílẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá san owó ọkọ̀ rẹ̀ láìsan ìtanràn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ètò wọ̀nyí dára fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ purọ́.

Irọ́ náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè ni. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá ní jàǹbá, tí iléeṣẹ́ adójútòfò sì rí i pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ, wọ́n á yí ìwé rẹ̀ padà, wọ́n á kọ ọ́ sí i gbangba pé ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀, irú àwọn tí ìjì Katrina fi sílẹ̀ lọ́dún 2005, tí Sandy fi sílẹ̀ lọ́dún 2012, tí Harvey náà sì fi sílẹ̀ lọ́dún 2017. Ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn náà níbẹ̀ á rí i kà. Bí ọkọ̀ kan náà bá ti gun ọkọ̀ ojú omi, tó balẹ̀ sí èbúté Tin Can tàbí sí Kútọnu, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù ni àkọsílẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ á dé, òótọ́ kò ní bá a dé. Ẹni tó rà á níbi gbàǹjo ti rí àwòrán jàǹbá náà kó tó sanwó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á. Síbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní fọ́ọ̀sì bọ́dì ni, pé kò tíì kan igi rí.

Òfin wà tó kan èyí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kí olùrà mọ̀ gbangba. Òmíràn wà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ nínú ìwé òfin ọjà títà ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn wa, èyí tó sọ pé ẹni tí kò ni nǹkan kò lè sọ ẹlòmíràn di oníǹkan. Mo mẹ́nu kan àwọn òfin yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àìsí òfin ló ń ṣe wá. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa tí à ń ra èké náà la sọ ọ́ di ọjà.

Mi ò ní kí á máa fi àná ṣe ohun tí kò jẹ́. Olè wà láyé àwọn bàbá wa, gbájú-ẹ̀ wà, wọ́n tilẹ̀ ta èèyàn bíi ara wọn lẹ́rú. Ẹni tó bá ń sọ pé ayé ìgbà yẹn mọ́ kanlẹ̀, kò ka ìtàn. Síbẹ̀, ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá àgbẹ̀ a máa to iṣu tàbí ata sẹ́bàá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá fẹ́ á mú ọjà, á fi owó síbẹ̀. Kì í ṣe pé ebi kò pa ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà yẹn. Ìtìjú ló ń ṣọ́ ọjà náà. Gbogbo èèyàn ló mọ ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe. Bí o bá jí iṣu, tàbí tí o ta ẹran tó ń ṣàìsàn láìsọ, ìròyìn á ṣáájú rẹ délé, á sì tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wádìí ìdílé rẹ nítorí àtifẹ́ ọmọ.

Mówè àti Ìbàfò òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tó ń gbé ibẹ̀ kò ní bàbá ńlá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tó wọ́n l'Ékòó ló lé wa dé. Ilé tuntun ń dìde lójoojúmọ́, Ìjẹ̀bú ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbómìnà, Ègùn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbò, wọ́n sì ń gbé ní àlàáfíà, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ lónìí lè kó lọ sí Arẹ́pò tàbí Mágbọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tó máa fi í sùn fún bàbá rẹ̀. Ibi tí ojú kò ti mọ ojú, ìwé ló yẹ kó dúró nípò ìtìjú. Ìwé ló yẹ kó sọ fún àjèjì pé àjèjì kejì yìí kì í ṣe olè. Ìdí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn. A ti kúrò níbi tí ìtìjú ti ń ṣọ́ wa, a dé ibi tí ìwé nìkan lè ṣọ́ wa, a sì ń sọ ìwé náà di èké pẹ̀lú ọwọ́ ara wa.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé. Ẹni tó ra ọkọ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ rẹ̀: ó ní òun ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni báyìí, òun kò sì rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Alágbàtà kan ti wà níbẹ̀ tó ń retí irú wọn. “Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ kàn lọ búra ní kóòtù pé ìwé yín sọnù.” Ìwé tí kò fìgbà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé láàárín Mówè sí Ọjọ́ta ló ti sọnù, nínú takisí, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ kò gbójú sókè. Wọ́n á bá a kọ rísíìtì ọjà lórúkọ ẹni àkọ́kọ́ náà, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ jẹ ti di ẹni tó búra èké, tó sì lo ayédèrú ìwé, kó tó lè gun ohun tó fi òógùn ojú rẹ̀ tún ṣe.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Olùtà tó dákẹ́ kò kàn gba owó lọ́wọ́ rẹ. Ó fi ọ́ sí ibi tí o ti ní láti yan irọ́ tàbí òfò. Ẹni tó bá kọ̀ láti purọ́, ọkọ̀ rẹ̀ á jókòó sílé. Bó bá gbé e jáde láìní pátíkúlà, àwọn Fíáíò tó ń yẹ ọkọ̀ wò, àwọn TRACE ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti Kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbà láti purọ́, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ìyẹn ni yóò kọ́ ẹni tó kàn. Báyìí ni ìwà ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Irin ni ọkọ̀, Ògún ló sì ni irin. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń bọ Ògún ní gàréèjì, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí náà máa ń wà níbẹ̀. Títí dòní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù a máa fi irin búra dípò Bíbélì tàbí Kùránì. Ẹ̀rù irú ìbúra yẹn máa ń ba èèyàn, nítorí ẹni tó fi ẹnu kan irin mọ̀ pé òun kò ní kúrò lójú rẹ̀ láéláé: àdá oko, ọ̀bẹ ìdáná, ọkọ̀ tó máa gbé òun lọ sọ́jà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí Ògún. Mo ń béèrè bóyá Ọlọ́run tí a ní a ti rí ń bà wá lẹ́rù tó irin. Òfin ìwà ọ̀daràn orílẹ̀-èdè yìí lè sọ ẹni tó bá jẹ́rìí èké níwájú adájọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 14, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí o dárúkọ ẹnì kan tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìbúra èké lórí pátíkúlà ọkọ̀, mo rò pé wàá dákẹ́.

Kò sí àgbègbè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára tó tiwa. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbàfò títí kọjá Mówè, ni ọ̀nà àdúrà ilẹ̀ Nàìjíríà. Prayer City ti MFM wà níbẹ̀, ibùdó Deeper Life wà níbẹ̀, ibùdó Ìràpadà wà níbẹ̀, ti NASFAT wà ní Asẹ́ṣẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìsìn òru bá wà, ọkọ̀ á dí láti kìlómítà dé kìlómítà, gbogbo ẹni tó wà nínú wọn ló ń lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìwé mímọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì kórìíra òṣùwọ̀n èké. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù sọ ọ́ di dandan fún olùtà láti fi àlébù ọjà rẹ̀ han olùrà, ó sì so ìbùkún ọjà náà mọ́ ọn. Mélòó nínú àwọn ọkọ̀ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn ló ń lo orúkọ ẹni tó jókòó sídìí wọn? Àwọn pásítọ̀ ń gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun, wọ́n ń da òróró sí i lórí. Àwọn àlùfáà ń ṣe tiwọn. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí oní-ọkọ̀ mú ìwé wá, kí wọ́n wò ó bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ bùkún jẹ́ tirẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ní Ìfọ̀, ọ̀ràn náà tún ní ojú mìíràn. Ìfọ̀ kì í ṣe ìlú àná. Reluwé ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ka tó ń lọ sí Ìláròó àti Ìdógò ti yà. Agboolé ṣì wà níbẹ̀, nínú àwọn agboolé náà sì ni ọkọ̀ bàbá wà: 504 tí bàbá fi ṣiṣẹ́, tó fi kó gbogbo ilé lọ síbi ìgbéyàwó, tí ó sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò látọjọ́ tí bàbá ti di ẹni ilẹ̀. Ìyàwó bàbá ju ẹyọ kan lọ, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu lọ́jọ́ kan a pe àwọn tó ń ra pàǹtí tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń wo ọkọ̀ náà tipẹ́, a sì tà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Rísíìtì tó kọ, orí ìwé tó ya nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ ni.

Lójú òfin, ohun ìní òkú kò ní olùtà àfi àwọn tí ilé ẹjọ́ gíga bá fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún rẹ̀. Lójú àṣà Yorùbá náà, kò sí ọmọ kan tó lè dá ogún bàbá tà láìjẹ́ pé ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́, àti olórí ẹbí. Òfin méjèèjì ni ọmọ yẹn rú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ó kùn ún ní àwọ̀ tí bàbá fẹ́ràn láìmọ̀, lọ́jọ́ tó wà á kọjá níwájú agboolé ni ìyáálé rí i. Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. Ọmọ bàbá kan náà ń pe ara wọn lólè ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì wà láàárín. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í parí sí ibì kan tó dára. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ padà, òógùn ẹni tó tún un ṣe ṣòfò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún un, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé fún un nínú agboolé náà títí ayé.

Bàbá náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ló kú láìsọ ibi tí ìwé wà. Wọ́n fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ti ọkọ̀ wà nínú àpò aṣọ tí ẹnì kan ti fi ta ọrẹ. Wọ́n rò pé bí àwọn ọmọ bá mọ̀, wọ́n á máa retí ikú àwọn. Ìfura yẹn náà jẹ́ ara ohun tó ti bàjẹ́ láàárín wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ lọ́kàn wọn pé ìjọba ló fà á. Ẹjọ́ ìjọba kò kéré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ á lọ sí iléeṣẹ́ owó orí, á lọ sọ́dọ̀ àwọn ayẹ-ọkọ̀-wò, á lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, á lọ ra ìwé ìdójútòfò tí wọ́n sọ owó rẹ̀ di 15,000 náírà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 láti orí 5,000. Lọ́dún 2024, ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ 29 oṣù keje, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tuntun tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn fárígá, wọ́n ní owó nìkan ni ọlọ́pàá ń wá, àwọn ọlọ́pàá sì dá ìfipámúniṣe rẹ̀ dúró. Mo lóye ìbínú náà. Ẹni tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà kò ní gbàgbọ́ pé ìwé kan wà fún àǹfààní òun. Ṣùgbọ́n ìwé tó lè sọ fún olùrà pé wọ́n jí ọkọ̀ tó fẹ́ rà, ohun rere ni, kò sì yẹ kí àìfọkàntánni ba ohun rere jẹ́ pẹ̀lú búburú. Àti pé kò sí ìjọba kankan tó ní kí o gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ kí o sì pa fóònù.

Ẹni tó tà á tún ń fi ara rẹ̀ sínú ewu. Bí orúkọ rẹ bá ṣì wà lórí ọkọ̀ tí o tà, ìwọ ni ọlọ́pàá máa wá bí ọkọ̀ náà bá gbá èèyàn tó sì sá lọ. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè bí wọ́n bá fi jí èèyàn gbé. Kámẹ́rà tí ìjọba Èkó gbé sójú pópó, nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń kà. Orúkọ tó bá bá nídìí nọ́ńbà náà ló ń fi owó ìtanràn ránṣẹ́ sí. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, “Mo ti tà á tipẹ́.” Ta ni o tà á fún? Wọn kì í mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tó ti kú sílẹ̀ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ní Mówè tàbí sí àgbàlá yín ní Ìfọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sanwó, tàbí kí ẹ jọ dúnàá-dúrà kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tà á. Ẹ̀yin mẹ́káníìkì, ẹ má ta ọkọ̀ oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ yín lágbára tó láti fòfin de irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín yín, ẹ lò ó. Ẹ̀yin bàbá, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ, ẹ fi ibi tí ìwé wà hàn wọ́n lójú ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín kò bá ṣeé rí, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, bó ti wù kó wù yín tó.

Ìwọ tí o sì ti ta ọkọ̀ kan rí, tí orúkọ rẹ ṣì wà lórí rẹ̀, wá nọ́ńbà ẹni tó rà á lọ́sẹ̀ yìí. Pè é. Sọ fún un pé kí ẹ jọ lọ fọwọ́ sí ìwé náà, kí ó sì di tirẹ̀.